Bí A Ṣe Ń Bá Eré Ìdárayá Lọ Nígbà Tí Iṣan Bá Ń Yọni Lẹ́nu

Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù láàárọ̀ Sátidé, tó ń gbá tẹníìsì láàárín ọ̀sẹ̀, tó tún ń sáré sílẹ̀ de Lagos City Marathon, á mọ ìrora tí mò ń sọ: ẹ̀yìn itan tó ń fà, ẹran ẹ̀yìn ojúgun tó le gbagidi, inú itan tó ń tani bí èèyàn bá ya ẹsẹ̀. Kò dá èèyàn dúbúlẹ̀, kò sì lọ. Àwọn kan á tìtorí rẹ̀ jókòó sílé fún ọ̀pọ̀ oṣù, àwọn mìíràn á máa fi ìrora ṣeré títí iṣan á fi já. Méjèèjì kò dáa. Ẹ má pa eré tì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì máa fi agbára kún iṣan náà díẹ̀díẹ̀.

Ẹ mọ ibi tó ń dùn yín

Ẹ fi ìka wá ojú ibẹ̀ gan-an. Ẹ̀yìn itan sábà máa ń fà nígbà tí èèyàn bá ń sáré tagbára tagbára. Ibẹ̀ ló mú Usain Bolt ní London lọ́dún 2017, nínú eré ìkẹyìn tó sá ní ìdíje àgbáyé. Ẹ̀yìn ojúgun ni ti àwọn tó ń gbá tẹníìsì, pàápàá ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún, tó ṣàdédé fò síwájú láti gba bọ́ọ̀lù.

Àmọ́ bí nǹkan bá dún “pàá” lẹ́yìn gìgísẹ̀, tí ẹ kò sì lè fi ìka ẹsẹ̀ dúró mọ́, ilé ìwòsàn ló kàn lọ́jọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹ̀yìn ojúgun kan bá wú, tó sì gbóná, àgàgà lẹ́yìn ìrìn àjò gígùn. Ìyẹn lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó dì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣan rárá.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́

Ẹ fi báńdéèjì wé e, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹ dín ìrìn kù. Bí ẹ bá fẹ́ lo yìnyín, ẹ fi aṣọ dì í, ìṣẹ́jú 10 sí 15 ti tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fagbára ra ibẹ̀: ẹ̀jẹ̀ ṣì lè máa dà nínú iṣan tó ya, ọwọ́ líle á sì mú un pọ̀ sí i. Ìkunra tó ń ta awọ ara kò tún iṣan ṣe.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àwọn tó ń gba abẹ́rẹ́ ìrora kí wọ́n tó wọ pápá. Ìrora ló ń sọ fún wa pé a ti dé ojú ààlà. Bí a bá fi oògùn pa á lẹ́nu mọ́, a ò ní mọ̀gbà tí ohun tó ya díẹ̀ á ya tán.

Ẹ pààrọ̀ eré

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta náà, ẹ wá eré tí kò ní ni iṣan yẹn lára. Bí ẹ̀yìn itan bá ń dùn, ẹ gun kẹ̀kẹ́ jẹ́jẹ́ tàbí kí ẹ wẹ̀ lódò, ẹ má sáré àsápajúdé. Bó bá jẹ́ inú itan, ẹ lè wẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ta ẹsẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́. Ẹsẹ̀ títọ́ ni kí ẹ máa jù. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ojúgun, ẹ gun kẹ̀kẹ́, kí ẹ fi àárín àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà, kì í ṣe ìka. Ẹ fi okùn fífò àti òkè sílẹ̀. Ẹni tí èjìká ń dùn lè máa sáré, kó fi odò àti tẹníìsì sílẹ̀ ná.

Ẹ máa fi òǹkà 0 sí 10 wọn ìrora. Bí kò bá kọjá 3, tó sì ti rọlẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹ máa bá a lọ. Bó bá le sí i láàárọ̀, ẹ dín in kù sí ìdajì.

Ẹ fún iṣan lágbára

Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Fún ẹ̀yìn itan, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká orúnkún, ẹ gbé ìdí sókè, kí ẹ dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Bó bá ti rọrùn, ẹ kúnlẹ̀, kí ẹnì kan di ọrùn ẹsẹ̀ yín mú, kí ẹ wá máa sọ ara kalẹ̀ síwájú pẹ̀lú ìrọra. Ìwádìí ti fi hàn pé àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó ń ṣe é ń dín ìpalára ẹ̀yìn itan kù sí bí ìdajì. Ó máa ń ro ara lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Fún ẹ̀yìn ojúgun, ẹ dúró létí àtẹ̀gùn, ẹ máa gbé gìgísẹ̀ sókè sódò, títí ẹsẹ̀ tó ń dùn á fi lè ṣe iye tí èkejì ń ṣe. Fún inú itan, ẹ fi orúnkún méjèèjì fún bọ́ọ̀lù pọ̀.

Pípadà sórí pápá

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Iṣan tí kò dùn mọ́ lè má tíì san, ẹni tó sì ti fara pa níbẹ̀ rí ló tètè ń tún un ní. Ẹ rìn kánkán, lẹ́yìn náà ẹ sáré jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà ìdajì eré, lẹ́yìn náà eré tagbára tagbára, kí ọjọ́ kan máa wà láàárín wọn. Ẹ má to bọ́ọ̀lù àti tẹníìsì sí ọjọ́ tó tẹ̀lé ara wọn. Ìdánrawò FIFA 11+, tó ń gba bí ìṣẹ́jú 20, dára láti fi mú ara gbóná. Ní Sátidé àkọ́kọ́ tí ẹ bá padà, ẹ sọ fún kóòṣì pé ìlàjì kejì nìkan lẹ máa gbá, kí ara yín sì ti gbóná kí ẹ tó wọlé.