Bí mo ṣe kó ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì jọ fún àwọn ọmọ: láti orí omi dídì dé orí agbára

Ọ̀rọ̀ 40 ni wọ́n ní kí n kó jọ. Àwọn ọmọ ọdún 9 sí 11 ni wọ́n máa lò ó, kí wọ́n lè fi Yorùbá kọ́ ìpìlẹ̀ sáyẹ́ǹsì: kí ni gbogbo ohun tó yí wa ká, kí ló ń mú wọn yí padà, kí sì là ń pè ní agbára. Mo rò pé ọjọ́ méjì ni màá fi parí ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló gbà mí.

Ọ̀nà tí mo kọ́kọ́ gbà kò dára. Mo ṣí ìwé sáyẹ́ǹsì tó jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì síwájú, mo ń mú orúkọ kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ẹ̀, mo ń wá orúkọ Yorùbá tí màá so mọ́ ọn. Nígbà tó fi di alẹ́, mo ti ní ọ̀rọ̀ 17. Gbogbo wọn ló gùn, wọ́n sì le lẹ́nu. Mo ka mẹ́ta nínú wọn sí ọmọ kan létí, ó wò mí títí, ó ní, "Àǹtí, èdè wo nìyẹn?" Mo fa igi lé gbogbo ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo pa orúkọ tì, mo mú ìṣe. Bí omi bá tutù títí tó fi le, kí là ń wí? Ó dì. Bí èyí tó dì bá gba ooru ńkọ́? Ó yọ́. Bó bá wà lórí iná? Ó hó. Aṣọ tí a sá sóòrùn? Ó gbẹ. Bí a bá jí láàárọ̀ tí omi ti bo koríko, tí òjò ò sì rọ̀? Ìrì ló sẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí mo fi rí ọ̀rọ̀ márùn-ún, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣàjèjì sí ọmọ kankan.

"Sẹ̀" yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kó jọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sára koríko láàárọ̀ náà ló ń ṣẹlẹ̀ sára ife tí a bu omi tútù sí. Omi wà nínú afẹ́fẹ́, ó ti di gáàsì, ojú ò rí i. Bó bá kan ohun tó tutù, á padà di omi, á sì máa kán tóótó lára ife. Àwọn ọmọ sábà máa ń rò pé ife ló ń jò. Mo ní kí wọ́n fi ìnkì pa omi inú ife láró, kí wọ́n wá fi bébà funfun nu ara ife níta. Bébà náà tutù, àmọ́ kò ní àwọ̀ kankan. Mo sọ fún wọn pé ìrì ló sẹ̀ sára ife, ó sì yé wọn kí n tó gbẹ́nu dúró.

Orí "yọ́" ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. À ń sọ pé yìnyín yọ́, a sì tún ń sọ pé iyọ̀ yọ́ nínú omi. Lójú sáyẹ́ǹsì, ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Ooru nìkan ni yìnyín ń fẹ́ kó tó yọ́. Ohun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, òun náà ló sì di omi. Iyọ̀ tó wọnú omi kò nílò kí a gbé e kaná; ohun méjì ló pàdé, ọ̀kan sì tú ká sínú èkejì. Bí a bá fẹ́ kí iyọ̀ fúnra ẹ̀ yọ́ bí yìnyín ṣe ń yọ́, àfi ká mú un gbóná dé nǹkan bí 801°C. Mo ronú lórí èyí fún ọjọ́ mẹ́rin. Nígbẹ̀yìn, mo fi "yọ́" sílẹ̀ fún iṣẹ́ ooru, mo sì mú "yòrò" fún ohun tó tú ká sínú omi. Àbẹ́là yọ́, iyọ̀ yòrò. A po iyọ̀ mọ́ omi nínú àwo pẹlẹbẹ, a gbé e sí ojú fèrèsé. Lọ́jọ́ kẹta omi ti gbẹ, iyọ̀ sì wà létí àwo, funfun báláú. Ọmọ tó rí ìyẹn kò ní sọ mọ́ pé ohun tó yòrò ti parẹ́.

Nígbà tí mo padà sí ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ṣáájú, ìyẹn orúkọ tí a ó máa pe gbogbo ohun tó wà, "ohun àfojúrí" ni mo kọ́kọ́ kọ. Kò pẹ́ tí ọmọkùnrin kan tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ fi nawọ́: "Afẹ́fẹ́ ńkọ́?" Òótọ́ ló sọ. A ò rí afẹ́fẹ́, síbẹ̀ ohun ni. Mo rún bébà, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ inú ife, mo da ife délẹ̀, mo sì rì í tààrà sínú garawa omi. Nígbà tí mo yọ ọ́, bébà gbẹ ṣáká. Afẹ́fẹ́ inú ife ló di àyè yẹn mú tí omi ò fi ráyè wọlé. Bí mo ṣe rí "ohun agbàyè" nìyẹn: ohunkóhun tó ń gba àyè, tó sì ní ìwọ̀n. Kí wọ́n lè gbà pé afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n lóòótọ́, a jọ ṣírò ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó kún àpótí tó jẹ́ mítà kan ní ìbú, ní òró àti ní gíga wọn nǹkan bíi kílò 1.2. Yàrá tó jẹ́ mítà 4 sí 5, tó sì ga ní mítà 3, gba irú àpótí bẹ́ẹ̀ 60. Kílò 72 nìyẹn, odindi àgbàlagbà kan. Ńṣe ni wọ́n ń wòkè.

Líle, olómi, gáàsì, ìyẹn ipò mẹ́ta tí a sábà máa ń bá ohun agbàyè: mẹ́ta yìí ò pẹ́. Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi "afẹ́fẹ́" dúró fún gáàsì, mo sì jáwọ́, torí pé afẹ́fẹ́ gan-an jẹ́ àpòpọ̀ oríṣiríṣi gáàsì, nitrogen nǹkan bí ìdá 78 nínú 100, oxygen nǹkan bí ìdá 21. Bí a bá fi orúkọ ọmọ pe ìdílé, ọ̀rọ̀ á dàrú.

Ooru àti ìgbóná ni mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ́ ọmọ fara balẹ̀ lé lórí jù. Lẹ́nu wa, "ó gbóná" àti "ó gba ooru" fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Mo fọ́ yìnyín sínú ìkòkò kékeré, mo fi tẹmómítà há a láàárín, mo gbé e sórí iná tí kò pọ̀, mo sì ní kí ọmọ kan máa ro ó díẹ̀díẹ̀, kí èkejì máa ka ohun tó bá rí ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. "Òdo." "Òdo." "Ó ṣì wà lórí òdo, Àǹtí." Ìgbà kẹfà, ó bi mí bóyá tẹmómítà náà ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ooru ń wọlé, àmọ́ yíyọ́ yìnyín ló ń ná an lé lórí. Ìgbà tí èérún tó kẹ́yìn lọ tán ni àmì pupa náà tó mira, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ooru tó ń yọ́ gíráàmù yìnyín kan tó júùlù 334 (júùlù la fi ń wọn ooru, bí a ṣe ń fi mítà wọn gígùn). Bí a bá fún gíráàmù omi kan tó wà ní 0°C ní ooru yẹn kan náà, á gbóná dé nǹkan bí 80°C. Nítorí náà mo kọ ọ́ báyìí: ooru ni ohun tó ń wọlé tàbí tó ń jáde, ìgbóná ni ohun tí tẹmómítà ń kà.

"Ooru" yìí kan náà la tún ń pe ohun tó ń jáde lẹ́nu kẹ́tùlù. Mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan ru ẹrù méjì nínú ìwé kan, nítorí náà "omi tó di gáàsì" ni mo kọ fún ìyẹn. Ó gùn díẹ̀, àmọ́ ó dá ṣáká. Ẹ wo ẹnu kẹ́tùlù tó ń hó dáadáa, lókèèrè o. Láàárín ẹnu rẹ̀ gan-an àti ibi tí nǹkan funfun ti bẹ̀rẹ̀, àlàfo kan wà níbẹ̀ tó dà bíi pé kò sí nǹkan kan. Àlàfo yẹn ni gáàsì wà. Nǹkan funfun náà kì í ṣe gáàsì mọ́, omi tó ti sẹ̀ padà ni, kíún-kíún, bíi kùrukùru. Ibi tí ojú ò ti rí nǹkan yẹn ló ń jóni jù, mo sì kọ ìkìlọ̀ náà sínú ìwé pẹ̀lú lẹ́tà ńlá.

Ó wá ku agbára. Ẹni tó gbé àpótí lágbára, iná lágbára, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ pẹ̀lú agbára: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń dáhùn gbogbo ẹ̀. Mo yọ "ipá" sọ́tọ̀ fún títì àti fífà. Òòfà irin ní ipá, ilẹ̀ náà ní ipá tó fi ń fa ohun gbogbo sọ́dọ̀ ara ẹ̀, ipá yẹn la sì ń pè ní ìwúwo. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tó jẹ́ kílò 30 níhìn-ín fi máa jẹ́ kílò 30 náà lórí òṣùpá, àmọ́ tí ìwúwo ẹ̀ níbẹ̀ ò ní ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà lọ. Mo wá fi "agbára" sílẹ̀ fún ohun tí a fi ń ṣe iṣẹ́, èyí tí a ń fi júùlù wọ̀n. Orúkọ James Prescott Joule, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ayé láti 1818 sí 1889, ni wọ́n fi sọ ọ́. Bí a bá gbé ohun tó jẹ́ gíráàmù 100 sókè ní mítà kan, agbára tí a ná tó júùlù kan. Olúkúlùkù wọn gbé ìwé kékeré kan láti ilẹ̀ dé orí àga, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn mọ bí júùlù ṣe tó.

Ìwé tó wà lókè yẹn ní agbára ìpamọ́. Bó bá já bọ́, agbára ìpamọ́ di agbára ìrìn. Bó bá balẹ̀ gbàmù, agbára ìrìn di ìró àti ooru díẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ kan tó ti wà lẹ́nu àwọn ọmọ ti kọ́ wa lẹ́sẹ̀: "kú." Bátìrì kú, iná kú, tọ́ọ̀ṣì kú. Ọmọ tó bá ń gbọ́ "kú" lójoojúmọ́ á gbà pé agbára máa ń parun, bẹ́ẹ̀ kì í parun, ńṣe ló ń para dà. Mi ò lè ní kí ẹnikẹ́ni má sọ pé bátìrì kú mọ́, mi ò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi ìbéèrè kan tẹ̀ lé e nínú ìwé: "Bí bátìrì bá kú, ibo ni agbára inú ẹ̀ lọ?"

Ọ̀rọ̀ 36 ni mo rí kọ ní Yorùbá tó dá mi lójú. Mẹ́rin tó kù, átọ̀mù, mólékù, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù àti júùlù, mo jẹ́ kí wọ́n dúró bí wọ́n ṣe wà. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo pín in, mo sì gba ìdáhùn wọn ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọmọbìnrin kan ti kọ̀wé sí ìbéèrè bátìrì náà, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Mo ṣì rí ohun tó wà lábẹ́ ibi tó pa rẹ́: "Ó ti tán." Ohun tó wá kọ sórí ẹ̀ nìyí: "Ó ti di ìmọ́lẹ̀ àti ooru. Ó wà nínú yàrá."