Bí a ṣe ń sọ èrò inú dọ̀tun nígbà tí nǹkan bá le

Bí nǹkan bá le fún onígbàgbọ́ ní Ìbàdàn, ìmọ̀ràn méjì ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé: "Gbààwẹ̀," àti "Má fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́." Mi ò bá ààwẹ̀ jà. Èyí kejì ni mi ò fara mọ́, nítorí ẹni tí wọ́n bá ní kó má sọ ohun tó ń ṣe é, inú ni yóò máa sọ ọ́ sí, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa pọ̀ sí i. Pọ́ọ̀lù sọ fún àwọn ará Róòmù, ní orí 12, ẹsẹ 2, pé kí wọ́n "paradà láti di titun ní ìrò-inú" wọn. Iṣẹ́ ni èyí, ó sì ní bí a ṣe ń ṣe é. Ẹ wá Bíbélì, báírò àti ìwé kékeré kan.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ jẹun, kí ẹ sùn

Ó lè má jọ ohun ẹ̀mí, àmọ́ ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Èlíjà nínú Àwọn Ọba Kìíní, orí 19. Wòlíì tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ láti ọ̀run sórí ẹbọ rẹ̀ ní òkè Kámẹ́lì ni o. Ìhàlẹ̀ Jésíbẹ́lì ló lé e wọ aginjù, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì tó wá bá a kò wàásù kankan. Ó ní kó dìde, kó jẹun. Èlíjà jẹ, ó mu omi, ó tún sùn, áńgẹ́lì sì tún jí i kó wá jẹun lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹni tó ṣe ìṣọ́ òru mọ́jú ní Mókọ́lá, tó gba ibẹ̀ lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ ní Bódìjà láìfẹnu kan nǹkan, kó má jẹ̀ẹ́ kó ya òun lẹ́nu bí ayé bá sú u nírọ̀lẹ́. Ẹ wá àmàlà gbígbóná jẹ ná. Èrò tó bá wá sọ́kàn yín lórí ebi àti àìsùn, ẹ má tíì gbà á gbọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ rò ó fún Ọlọ́run bó ṣe rí

Ẹ ka Sáàmù 13. Ẹsẹ mẹ́fà péré ni. Nínú méjì àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Dáfídì bi Ọlọ́run pé yóò ti pẹ́ tó. Ìparí ló tó kọrin. Ẹ má fo ìbéèrè lọ bá orin. Ẹ kọ tiyín sínú ìwé yẹn: owó ilé tó ti pé, àìsàn tí kò lọ, ọmọ tó jáde ilé-ìwé tí kò ríṣẹ́. Èdè tí ẹ fi ń sunkún ni kí ẹ fi kọ ọ́, ẹ̀ka-èdè Ìbàdàn náà dára.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ya ohun tó ṣẹlẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ọkàn fi kún un

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà. Ẹ fa ìlà sáàárín ojú ìwé kan. Lápá òsì, ẹ kọ ohun tí ojú rí: "Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi." Lápá ọ̀tún, ẹ kọ ohun tí ọkàn ń sọ nípa rẹ̀: "Ọlọ́run ti gbàgbé mi. Kò sẹ́ni tó rí tèmi rò."

Ẹ padà sọ́dọ̀ Èlíjà. Ó ní wọ́n ń wá ẹ̀mí òun, òótọ́ ni. Ó ní òun nìkan ló kù, irọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ pé irọ́ ni. Ọlọ́run kò sọ fún un pé Jésíbẹ́lì ò ṣe nǹkan kan. Ó kàn fi iye gidi hàn án: 7,000 ló ṣì kù ní Ísírẹ́lì tí kò kúnlẹ̀ fún Báálì. Apá ọ̀tún ni Ọlọ́run tún ṣe, kò pa apá òsì rẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ń ta ko àwọn tó ń ní kí aláìsàn máa sọ pé ara òun le. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù wà nínú ìdè, tó ń to ohun tó yẹ kí onígbàgbọ́ máa rò nínú Fílípì 4:8, òótọ́ ló fi ṣáájú. Ẹ má pa irọ́ fún Ọlọ́run ní orúkọ ìgbàgbọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ wá ẹsẹ kan fún èrò kan

Ẹsẹ kan tó dáhùn ohun tí ẹ kọ sápá ọ̀tún ti tó. Fún "Ọlọ́run ti gbàgbé mi," ẹ wo Àìsáyà 49:15. Fún "Èyí ló máa pa mí," ẹ wo Kọ́ríńtì Kejì 4:8-9. Fún "Ìrètí ti pin," ẹ ka Ẹkún Jeremáyà orí 3 láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè rí ibi tí ọkùnrin tó ń sunkún níbẹ̀ ti ń bọ̀ kó tó dé ẹsẹ 22. Lẹ́yìn náà, ẹ máa sọ ọ́ jáde fún ọkàn yín, bí onísáàmù ti ṣe ní Sáàmù 42:5. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ìwó Road dára fún un. Bí ará inú takisí Mícrà bá wò yín, ẹ rẹ́rìn-ín sí i.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ ṣe ohun tó wà níkàáwọ́ yín

Míṣọ́nnárì ni David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀, wọ́n wá gbé ní Ìbàdàn ní 1853, Kúdẹtì ni ìjọ wọn fìdí kalẹ̀ sí. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà dí, ẹrù wọn kò lè wọlé láti Èkó, ebi sì dé. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì ń ta ẹrù ilé kí wọ́n lè rí owó ẹyọ ra oúnjẹ. Àdúrà ò ní kí ẹ má ta ohun tó ṣe é tà, kí ẹ má pe ẹni tó lè fi ọ̀nà iṣẹ́ hàn yín, kí ẹ má bá onílé sọ̀rọ̀ kó tó kan ilẹ̀kùn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ finú han ẹnì kan

Ẹnì kan tó dàgbà nínú ìgbàgbọ́, tó lè pa ẹnu mọ́. Kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́ WhatsApp ṣọ́ọ̀ṣì.

Bí oorun bá kọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, tí oúnjẹ ò lọ, tàbí tí ikú bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún gbọ́ létí yín, ẹ má dúró ka ẹsẹ tán. Ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà. UCH, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì ní Ìbàdàn, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́jú àárẹ̀ ọkàn, kí ẹni tí ẹ finú hàn yẹn sì bá yín lọ.