Orí Ilẹ̀ Ni Drone Ti Ń Já: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Àwọn Tó Ń Wa Drone

Drone mi àkọ́kọ́ wà nísàlẹ̀ adágún omi kan títí dòní. Kò bàjẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì sọ òkò lù ú. Ẹ̀yìn mi ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀ lọ́jọ́ náà, mo jẹ́ kó máa gbé drone lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí omi, mò ń ya fídíò, inú mi ń dùn. Nígbà tí mo wo bátìrì, ó ku 45%. Mo ní ó ṣì pọ̀. Ìgbà tí mo ní kó máa bọ̀ wálé ni ojú mi là: drone tó ń sá mítà 12 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nígbà tó ń lọ, mítà 3 péré ló ń sá bọ̀. Mo dúró sétí omi, mò ń wo nọ́ńbà bátìrì bó ṣe ń já wálẹ̀, 45, 20, 9, drone sì ń bọ̀ bí ìgbín. Nígbà tó ku bíi 80 mítà kó dé ọ̀dọ̀ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀ fúnra rẹ̀. Omi ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nínú gbogbo drone tí mo ti rí tó já, tèmi àti tàwọn ọ̀rẹ́, díẹ̀ ló já nítorí pé ọwọ́ ẹni tó ń wà á kò mọ iṣẹ́. Púpọ̀ nínú wọn ti já kí abẹ̀bẹ̀ wọn tó yí rárá. Ẹni tó ni wọ́n ni kò tíì mọ̀.

Afẹ́fẹ́ àti bátìrì

Kì í ṣe bátìrì ló kó bá mi lọ́jọ́ náà, ibi tí mo kọjú sí ni. Bí ẹ bá fẹ́ lọ jìnnà, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọjú sí. Drone á jìyà nígbà tó ń lọ, nígbà tí bátìrì ṣì kún, afẹ́fẹ́ á sì máa tì í wálé nígbà tí agbára rẹ̀ bá ń tán lọ. Ẹ má sì fi ewé tí kò mì nílẹ̀ díwọ̀n afẹ́fẹ́ òkè. Bí drone bá ti kọjá orí igi àti òrùlé, kò sí ohun tó ń dí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ mọ́, ó sì máa ń le ju èyí tó ń kan yín lójú lọ.

Nọ́ńbà bátìrì máa ń tan èèyàn jẹ. Bátìrì lithium tó bá tutù kì í lè tú agbára sílẹ̀ bó ṣe yẹ: ó lè máa fi 40% hàn, kí fóltéèjì rẹ̀ wá já wálẹ̀ lójijì bí ẹ bá fi ipá mú un. Nínú òtútù, ẹ jẹ́ kó wà nínú àpò ẹ̀wù yín títí ẹ ó fi ṣe tán láti gbéra. Tèmi ni pé bí bátìrì bá ti ku ìdajì, drone á ti kọjú sílé. Bó bá ku 25%, á ti wà nílẹ̀. Àwọn kan ní ojo ni mí. Àwọn náà ni mo máa ń rí nínú igbó, tí wọ́n ń wá drone.

Ẹ má ṣáájì rẹ̀ kún kẹ́ ẹ wá pa á tì fún oṣù kan. Bíi ìdajì ló yẹ kó wà bí ẹ ò bá ní lò ó. Èyí tó bá ti wú bí ìrọ̀rí, ẹ má gbé e sókè mọ́, ẹ má sì ṣáájì rẹ̀ mọ́.

Bọ́tìnnì ìpadàwálé

Ọ̀pọ̀ drone òde òní ló ní bọ́tìnnì tí ẹ máa tẹ̀ tí yóò fi dá ara rẹ̀ padà sílé. Àwọn èèyàn gbára lé e bí ẹni gbára lé àdúrà. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣe gan-an. Drone á gòkè dé ìwọ̀n gíga tí ẹ ti kọ sínú ètò rẹ̀, á kọjú sí ibi tó gbà sílẹ̀ pé òun ti gbéra, á lọ síbẹ̀ tààrà, á sì sọ̀ kalẹ̀. Kò mọ̀ ju ìyẹn lọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá fi gíga náà sí 30 mítà, tí igi mítà 35 sì wà láàárín ẹ̀yin àti òun, inú igi ló ń bọ̀. Bí ẹ bá gbéra kí GPS tó rí sátẹ́láìtì tó pọ̀ tó, ó lè jẹ́ ibòmíràn ni drone yóò máa pè ní ilé. Bí ẹ bá gbéra látinú ọkọ̀ ojú omi tí ọkọ̀ sì ti lọ síwájú, orí omi níbi tí ọkọ̀ wà tẹ́lẹ̀ ni yóò padà sí, àfi bí ẹ bá ti yí i padà nínú ètò. Bó bá sì jẹ́ abẹ́ ẹ̀ka igi ni drone wà nígbà tí ẹ tẹ bọ́tìnnì náà, ẹ rántí pé òkè ló máa kọ́kọ́ lọ.

Ìṣẹ́jú kan péré ni ìtọ́jú rẹ̀. Mo máa ń tan drone, máa gbé e sórí ilẹ̀ gbalasa, máa dúró títí yóò fi sọ pé òun ti gba ibi tí òun wà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, máa yíjú ká, máa wá ohun tó ga jù lọ nítòsí, bóyá igi ni o, bóyá òpó ni, máa fojú díwọ̀n rẹ̀, máa fi 20 mítà lé e, máa sì kọ iye yẹn sínú ètò. Bó bá gbéra tán, máa jẹ́ kó dúró lójú kan ní mítà 2 fún bíi ìṣẹ́jú-àáyá 20, máa sì fetí sí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Bó bá ń sún kiri, tàbí tó ń yí òòyì, máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Yíyí òòyì yẹn, kọ́ńpáàsì ló sábà máa ń fà á. Orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, orí kọnkéré tí irin wà nínú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ géètì onírin: ẹ má gbéra níbẹ̀. Irin á da kọ́ńpáàsì láàmú, drone ò sì ní mọ ibi tó kọjú sí.

Abẹ̀bẹ̀ tó bá ti sán létí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ìdajì wọn ń yí sọ́tùn-ún, ìdajì sósì, wọ́n sì ní àmì; bí ẹ bá fi wọ́n sípò ara wọn, drone á dojú dé kó tó kúrò nílẹ̀. Ojú tó ń rí ohun tó wà níwájú náà kì í sábà rí wáyà iná tàbí ẹ̀ka tó tín-ín-rín, bí ẹ bá sì ti bọ́ sí ètò eré sísá, lára ọ̀pọ̀ drone, ojú náà ti dí nìyẹn.

«Kékeré ni tèmi, òfin ò kàn án»

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo máa ń gbọ́ jù. Òótọ́ ni pé ní Amẹ́ríkà, drone tí kò tó 250 gíráàmù, tó jẹ́ ìgbádùn nìkan lẹ fi ń ṣe, kò nílò ìforúkọsílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òfin yòókù ṣì kàn án, títí kan ìdánwò ọ̀fẹ́ tí FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú níbẹ̀, ní kí gbogbo ẹni tó ń wa drone fún ìgbádùn ṣe. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, kámẹ́rà ni wọ́n ń wò: bí drone bá ní kámẹ́rà, tí kì í sì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé, ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, ì báà fúyẹ́ bí ìyẹ́. Òfin orílẹ̀-èdè kan ò bá ti èkejì mu. Ìlú tí ẹ bá fẹ́ gbé drone lọ, òfin ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kà, kẹ́ ẹ kà á kẹ́ ẹ tó di ẹrù, torí àwọn ibì kan wà tó jẹ́ pé ẹnu ibodè ni wọ́n ti máa gbà á.

Gíga tí ọ̀pọ̀ òfin fàyè gbà jẹ́ 120 mítà, ìyẹn 400 ẹsẹ̀ bàtà. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣe àṣìṣe ni pé iye tó ń hàn lójú fóònù, láti ibi tí ẹ ti gbéra ló ti ń kà á; láti ilẹ̀ tó wà lábẹ́ drone ni òfin ti ń kà á. Ẹ dúró lórí òkè tó ga tó 100 mítà, ẹ rán drone lọ tààrà sórí àfonífojì ní 50 mítà. Fóònù á ní 50. Lójú òfin, 150 ni.

Òfin kejì tí wọ́n ń fojú tín-ín-rín ni pé ojú yín gbọ́dọ̀ máa rí drone fúnra rẹ̀, kì í ṣe àwòrán rẹ̀ lórí fóònù. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, nígbà tí iná ńlá ń jó ní Los Angeles, ọkùnrin kan gbé drone sókè láti lọ wo bí iná ṣe ń jó. Ó rán an lọ ju kìlómítà méjì lọ, ojú rẹ̀ ò tó o mọ́. Drone náà lọ kọlu ọkọ̀ òfurufú tó ń da omi síná, ó dá ihò sí i lápá, wọ́n sì ní láti dá ọkọ̀ náà dúró kí wọ́n lè tún un ṣe, nígbà tí iná ṣì ń jó ilé àwọn èèyàn. Ọkùnrin náà jẹ́bi ní kóòtù.

Ti pápákọ̀ òfurufú kò tún nílò àlàyé. Ní oṣù kejìlá ọdún 2018, ìròyìn lásán pé wọ́n rí drone ní Gatwick, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mú kí nǹkan bíi 1,000 ọkọ̀ òfurufú má lè rìn bó ṣe yẹ, ìrìnàjò nǹkan bíi 140,000 èèyàn sì dàrú.

Èyí tó tún ń ba àwọn onífọ́tò lójijì ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, bí ẹ bá ya òrùlé ọ̀rẹ́ yín kó lè fi ta ilé, ìgbádùn ti parí síbẹ̀, kódà bí kò fún yín ní kọ́bọ̀. Ìwé àṣẹ Part 107 ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Ní ti àgbàlá ẹlòmíràn, ẹ má dúró de òfin. Ẹni tó bá gbọ́ ìró abẹ̀bẹ̀ lókè orí rẹ̀ nígbà tó ń sáṣọ kò ní bi yín léèrè pé ṣé ẹ ti forúkọ sílẹ̀.

Àwòrán

Àṣìṣe tó kọ́kọ́ ń hàn nínú fídíò ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni gíga. Ó ti ra ohun tó ń fò, ó gbọ́dọ̀ lọ sókè pátápátá. Láti 120 mítà, gbogbo nǹkan á tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwòrán ilẹ̀. Mítà 10 sí 30 ni àwòrán tó dára pọ̀ sí jù, níbi tí igi ṣì ga, tí òjìji sì ṣì gùn. Àfẹ̀mọ́jú àti ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ. Oòrùn ọ̀sán ò ní òjìji kankan láti fún yín.

Èkejì ni ìwàdùwàdù. Wọ́n á lọ síwájú, wọ́n á yí, wọ́n á gòkè, wọ́n á tẹ kámẹ́rà wálẹ̀, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ṣe ẹyọ kan. Ẹ jẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 kí ọwọ́ yín tó kan nǹkan mìíràn. Ẹ sì yọ kámẹ́rà kúrò ní àdáṣe: bí ìkùukùu bá kọjá, ìmọ́lẹ̀ fídíò yín á máa lọ sókè sódò, àwọ̀ rẹ̀ á máa yí. Bí ẹ bá ń ya fídíò ní 25 àwòrán ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ fi shutter, ìyẹn bí ojú kámẹ́rà ṣe ń pẹ́ tó ní ṣíṣí fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, sí 1/50 ìṣẹ́jú-àáyá. Ìmọ́lẹ̀ á pọ̀ jù lọ́sàn-án, torí náà ni wọ́n ṣe ń fi gíláàsì dúdú ND bo ojú kámẹ́rà. Fún fọ́tò, ẹ yà á ní RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì fọwọ́ kàn tún ṣe, ẹ ó rí ohun tún ṣe lórí kọ̀ǹpútà.

Bọ́tìnnì tó ń gba fídíò sílẹ̀ náà ló tún ń dá a dúró. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ìdùnnú, ó ti kú nìyẹn. Ẹ ó wa drone fún ìṣẹ́jú 20, ẹ ó rí oòrùn bó ṣe ń wọ̀ lórí omi, ẹ ó balẹ̀, ẹ ó sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i kẹ́ ẹ lè dá a dúró. Mo ní fídíò ìṣẹ́jú mẹ́rin kan nílé, ó mọ́ gaara, àwọ̀ rẹ̀ dára. Koríko àti bàtà mi ló wà nínú rẹ̀.