Bí A Ṣe Ń Ṣe Ẹ̀rọ Ìlagi Oníná Tó Ń Fi Jáàkì Ọ́ìlì Ti Igi

Ẹni tó bá ń dáná ṣòwò, ìbáà jẹ́ ilé búrẹ́dì onígi ní Ìlọrin tàbí àwọn obìnrin tó ń yan gàrí lágbègbè Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, mọ̀ pé ríra igi kò ni ènìyàn lára tó lílà rẹ̀. Ìtì ayìn tó ti gbẹ máa ń ta àáké padà, ti kaṣú àti mángòrò sì máa ń há àáké mọ́nú nítorí pé ara wọn kì í tọ́. Ẹ̀rọ tí a fẹ́ ṣàlàyé yìí kò yá bí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ara rẹ̀ le, ṣùgbọ́n kì í rẹ̀ ẹ́, ajórin tó mọṣẹ́ sì lè ṣe é nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ìṣirò ló ṣáájú ọjà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ ra jáàkì ńlá tí wọ́n tú lára katakata, kí wọ́n tó wá máa wá mọ́tọ̀ tí yóò gbé e. Iná ilé yín ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Féèsì kan ṣoṣo ló wọ ọ̀pọ̀ ilé, ní fọ́ọ̀tì 230, irú iná bẹ́ẹ̀ sì lè gbé mọ́tọ̀ kílówáàtì 2.2, ìyẹn họ́ọ̀sì-páwà 3, tó ń yí nǹkan bí ìgbà 1,450 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá so ó mọ́ pọ́ọ̀ǹpù onígíà tó ń gbé ọ́ìlì cc 4.5 ní yíyí kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí lítà 6 àbọ̀ ni yóò máa jáde ní ìṣẹ́jú kan, mọ́tọ̀ náà yóò sì lè tì í dé prẹ́ṣọ̀ bár 160.

Jáàkì tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní mm 80 ló bá èyí mu. Ojú tí ọ́ìlì fi ń tì í tó cm² 50, bár kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kílò kan lórí cm² kọ̀ọ̀kan; 50 lọ́nà 160 jẹ́ 8,000, èyí tó túmọ̀ sí pé yóò fi agbára tọ́ọ̀nù 8 ti igi. Bí ó bá ń rìn cm 50, yóò lo nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 23 ní lílọ, yóò sì yá díẹ̀ sí i ní bíbọ̀, nítorí pé ọ̀pá inú rẹ̀ ti gba lára àyè ọ́ìlì. Ẹni tí èyí bá falẹ̀ lójú rẹ̀ lè ra pọ́ọ̀ǹpù onípele méjì, tó ń sáré kó tó kan igi, tó sì ń rọra nígbà tí igi bá le, àmọ́ owó rẹ̀ ga. Ní tèmi, tọ́ọ̀nù 8 tó falẹ̀ sàn ju tọ́ọ̀nù 20 tí iná kò lè gbé.

Jáàkì tó ní ẹnu ọ́ìlì méjì, tó ń ti nǹkan tó sì ń dá ara rẹ̀ fà padà, ni kí ẹ wá. Ti típà kò wúlò níbí, torí ìwúwo ọkọ̀ ló ń tì í wálẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fa ọ̀pá rẹ̀ jáde tán, kí ẹ fi èékánná wọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀: ibi tí èékánná bá ti há, ibẹ̀ ni yóò máa gé sííìlì, ìyẹn róbà inú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò.

Bíìmù àti abẹ

Bíìmù onírísí H, mm 150, tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 5 àbọ̀, ni ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. Jáàkì wà ní ìpẹ̀kun kan, abẹ wà ní ìkejì, igi sì ń dùbúlẹ̀ láàárín wọn. Bí jáàkì bá ṣe ga tó lórí bíìmù ni yóò ṣe máa tẹ bíìmù tó, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí àárín rẹ̀ ga ju cm 10 lọ.

Irin pẹlẹbẹ mm 25 tó ga ní cm 20 ti tó fún abẹ. Kò ní láti mú bí abẹ onígbàjámọ̀, torí pé yíya ló ń ya igi, kì í gé e. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín, kí ẹ sì jó ìyẹ́ irin méjì mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ tí yóò ti igi sọ́tùn-ún sósì.

Ẹ má ṣe jó ìdí jáàkì mọ́ bíìmù. Ẹ fi píìnì tó nípọn gbé e sáàárín etí irin méjì kó lè máa mì díẹ̀ nígbà tí igi bá wọ́, torí jáàkì tí kò lè mì ni ọ̀pá rẹ̀ ń tẹ̀. Irin ìtìgi tó wà lórí ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ ní ìkọ́ méjì tó di abẹ́ etí bíìmù mú, kó má baà gbéra. Ẹ parí gbogbo ìjórin kí jáàkì tó wọlé.

Ọ̀nà ọ́ìlì

Irin tuntun mm 3 ni kí ẹ fi ṣe táńkì lítà 25. Mo mọ̀ pé sìlíńdà gáàsì àtijọ́ àti àgbá bẹntiróòlù pọ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n gáàsì tàbí epo tó kù nínú wọn lè bú gbàmù nígbà tí iná ajórin bá kàn án, kò sì sí owó tí ènìyàn fẹ́ fi pamọ́ níbẹ̀ tó tó ojú. Ẹ gbé táńkì ga ju pọ́ọ̀ǹpù lọ, kí róbà tó so wọ́n pọ̀ fẹ̀ tó ínṣì 1, kó sì kúrú. Láti pọ́ọ̀ǹpù, ọ́ìlì yóò gba fáàfù, ìyẹn ohun tó ní ọwọ́ tí a fi ń darí ọ́ìlì, lọ sí jáàkì; bí ó bá ń padà, yóò gba inú fílítà kó tó dé táńkì. Róbà tí wáyà méjì wà nínú ara rẹ̀, tí wọ́n kọ bár 250 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí, ló yẹ ọ̀nà tó ní prẹ́ṣọ̀. Ọ́ìlì haidirọ́líìkì 68 (nọ́ńbà yìí ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó) bá ooru wa mu.

Fáàfù ni kí ẹ fara balẹ̀ yàn jù. Ẹ béèrè fún èyí tí àárín rẹ̀ ṣí, tí sípíríǹgì sì ń dá ọwọ́ rẹ̀ padà sáàárín. Nígbà tí ọwọ́ bá wà láàárín, ọ́ìlì ń ṣàn padà sí táńkì wọ́ọ́rọ́wọ́, mọ́tọ̀ yóò sì gbéra láìru ẹrù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ óò kàn máa tẹ súwíìṣì ni, bíríkà yóò sì máa já. Ó gbọ́dọ̀ ní skrúù ìdáàbòbò tó ń tú prẹ́ṣọ̀ tó bá pọ̀ jù sílẹ̀, kí ẹ sì so gééjì bár 250 mọ́ ọn.

Iná àti ìdánwò

Mọ́tọ̀ yìí ń fa nǹkan bí ámpì 14, nígbà tó bá sì ń gbéra, ó lè fà tó ìlọ́po márùn-ún. Púlọ́ọ̀gì ámpì 13 kò lè gbé e. Kí oníṣẹ́ iná fa wáyà mm² 4 láti ojú bọ́ọ̀dù, pẹ̀lú bíríkà tirẹ̀ àti sítátà tó ní ofalóòdù (èyí tó ń pa mọ́tọ̀ bí ó bá ń fa iná jù), kó sì so wáyà ilẹ̀ mọ́ bíìmù. Lálẹ́ tí gbogbo àdúgbò bá ti tan iná, tí fọ́ọ̀tì wá wálẹ̀ sí 180, ẹ má la igi, torí mọ́tọ̀ yóò gbóná títí yóò fi jó.

Ẹ tú skrúù ìdáàbòbò sílẹ̀, ẹ da ọ́ìlì sí i, kí ẹ tan mọ́tọ̀ fírí láti rí i pé ó ń yí síbi tí àmì ara pọ́ọ̀ǹpù kọjú sí. Ẹ máa ti jáàkì lọ-bọ̀ láìsí igi títí afẹ́fẹ́ yóò fi jáde, tí jáàkì kò ní máa fò mọ́, kí ẹ sì bu ọ́ìlì kún un. Lẹ́yìn náà, ẹ tì í dé òpin, kí ẹ máa dí skrúù díẹ̀díẹ̀ títí gééjì yóò fi dúró lórí 160.

Bí ẹ bá fura pé róbà ń jò, páálí ni kí ẹ nà síbẹ̀, kì í ṣe ọwọ́. Ọ́ìlì tó ń tú jáde láti ihò tín-ín-rín ní irú prẹ́ṣọ̀ yìí ń gún awọ wọ inú ẹran. Ojú ọgbẹ́ rẹ̀ kéré, ó lè má dùn lákọ̀ọ́kọ́, síbẹ̀ ó lè gba ọwọ́ lọ. Ilé ìwòsàn ni ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí gbọ́dọ̀ gbà lọ lójú ẹsẹ̀, kó sì sọ fún dókítà pé ọ́ìlì ẹ̀rọ ló wọ òun lára.

Ẹni tó ń to igi náà ni kó máa di ọwọ́ fáàfù mú, torí ìgbà tí ó bá di iṣẹ́ ènìyàn méjì ni ìka ń há. Ẹ má gbé igi ní ìbú sórí bíìmù láé. Ìtì tó bá tóbi jù, ẹ máa là á láti etí, kí orí tí kò ní kókó sì kọjú sí abẹ. Nígbà ọyẹ́, ẹ nu eruku kúrò lára ọ̀pá jáàkì kí ẹ tó fà á wọlé, kí ẹ sì pààrọ̀ fílítà lẹ́yìn wákàtí 50 àkọ́kọ́.