Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ṣaworo Sínú Píánò

Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń tún píánò ṣe ní Òṣogbo. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, àwọn ọ̀dọ́ tó ń tẹ dùùrù ń bi mí bí John Cage, ará Amẹ́ríkà tó ń kọ orin sílẹ̀, ṣe ń ki irin bọ ikùn píánò tí píánò ò sì bàjẹ́. Ẹ jẹ́ n sọ bí èmi ṣe ń ṣe é.

Los Angeles ni wọ́n bí Cage sí ní 1912. Ẹni tó ń hùmọ̀ ẹ̀rọ ni bàbá rẹ̀. Cage kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Arnold Schoenberg, gbajúmọ̀ kan tó ń kọ orin sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìlù ló gbà á lọ́kàn. Ní 1940, ní Seattle, oníjó kan, Syvilla Fort, ní kó kọ orin fún ijó òun. Orí ìtàgé kéré, kò gba agbo onílù; píánò kan ṣoṣo ló gbà. Cage gbé àwo páànù lé wáyà, àwo ń ta kiri. Ó fi ìṣó sí i, ìṣó ń yọ̀ bọ́. Ìgbà tó ki bóòtù sáàárín wáyà méjì ló tó dúró, píánò bá di agbo onílù.

Píánò tí wáyà rẹ̀ dùbúlẹ̀ ló dára jù. Èyí tí wáyà rẹ̀ dúró lóòró tó wà ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa, bóòtù á máa já bọ́ níbẹ̀. Rọ́bà nìkan ni kẹ́ ẹ lò fún un.

Ẹ fọ ọwọ́, kẹ́ ẹ nu ún gbẹ, torí òógùn ń mú kí wáyà dípẹtà. Ẹ ní kí ẹnì kan tẹ pédààlì ọwọ́ ọ̀tún mọ́lẹ̀, kí àwọn igi tó ń pa ohùn wáyà lè gbéra. Láàárín píánò, wáyà mẹ́ta ló wà fún ohùn kan. Ẹ fi igi pẹlẹbẹ ya ìkejì àti ìkẹta síra díẹ̀, ẹ ki bóòtù sí i, kẹ́ ẹ wá yọ igi. Wáyà fúnra rẹ̀ ni yóò dì í mú. Bó bá di pé ẹ ń fi agbára tì í, bóòtù yẹn ti tóbi jù. Mo ti fi agbára tì í rí nínú píánò ṣọ́ọ̀ṣì kan: wáyà já, ó fò kọjá lẹ́bàá ojú mi, oṣù méjì gbáko ni mo fi wá òmíràn.

Ibi tẹ́ ẹ bá fi í sí ló ń pinnu ohùn. Fún *Sonatas and Interludes*, ogún orin tó kọ láàárín 1946 sí 1948, Cage fi nǹkan sí ohùn 45, ó sì kọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà tó sí igi tó ń pa ohùn sílẹ̀ ní íǹṣì. Lójú tèmi, iṣẹ́ yìí ju iṣẹ́ Cage ti 1952 tí ayé ń pariwo lọ, èyí tí David Tudor, ẹni tó ń tẹ píánò, jókòó tì fún ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú àáyá 33 láì tẹ ohùn kankan.

Rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ tẹ́ ẹ gé tín-ín-rín, tẹ́ ẹ wá hun gba òkè àti abẹ́ wáyà, á dún kú bíi gúdúgúdú. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù ni bóòtù tí nọ́ọ̀tì rẹ̀, irin kékeré tí wọ́n ń dé mọ́ ọn, ò le. Bẹ́ ẹ bá tẹ ohùn náà, nọ́ọ̀tì á máa gbọ̀n lórí bóòtù: ṣin-in, ṣin-in. Ṣaworo ni! Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é, onílù kan tó ń kọjá ní Òkè-Fìà yọjú lójú fèrèsé.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló wà nídìí ìyáàlù yẹn?"

Mo fi hàn án. Ó tẹ̀ ba, ó fi etí sínú píánò, ó ní kí n tún un tẹ̀.

"Ẹ tú nọ́ọ̀tì yẹn díẹ̀ sí i. Ó ṣì ń há."

Mo fi ìka tú u bí ìdajì ìyípo. Òótọ́ ló sọ. Láti ọjọ́ náà, mi ò dé nọ́ọ̀tì le mọ́.

Bẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ tún tẹ pédààlì, kẹ́ ẹ fi igi ya wáyà kẹ́ ẹ tó fa ohunkóhun yọ. Ẹ kà wọ́n sínú abọ́. Bó bá jẹ́ bóòtù méjìlá lẹ fi sí i, ẹ má pa ìdérí dé títí méjìlá yóò fi pé.