Ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ tó ń tàgétàgé: níbo lójú ọ̀nà ọpọlọ ni ìṣòro wà?

Ìbéèrè: Ìyá wa ń rán aṣọ ní Òjé. Bí ọwọ́ wọn bá wà lórí itan jẹ́ẹ́, kò sí nǹkan kan. Àmọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, bí ọwọ́ ṣe ń sún mọ́ ihò náà ni gbígbọ̀n ń le sí i. Ṣé Parkinson, àrùn ọpọlọ tó máa ń mú ara gbọ̀n, ni?

Ìdáhùn: Kò jọ ọ́. Gbígbọ̀n ti Parkinson máa ń hàn jù nígbà tí ọwọ́ bá sinmi, bí ìgbà 4 sí 6 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, á sì dínkù bí ọwọ́ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èyí tó ń pọ̀ sí i bí ọwọ́ ti ń dé ibi tó ń lọ, cerebellum la máa ń kọ́kọ́ fura sí, ìyẹn ọpọlọ kékeré tó wà ní ìpàkọ́.

Ọpọlọ kékeré yìí kọ́ ló ń pàṣẹ pé kí ọwọ́ gbéra. Èèpo ọpọlọ, tí wọ́n ń pè ní cortex, ló ni àṣẹ yẹn. Iṣẹ́ cerebellum ni láti mọ ìgbà tí a ó tẹ bíréèkì. Àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tó ń jẹ́ Purkinje kì í ru nǹkan sókè, ńṣe ni wọ́n ń dá kókó ọpọlọ tó wà nísàlẹ̀ wọn dúró, tí wọ́n sì ń tú u sílẹ̀ lásìkò tó yẹ. Láti inú kókó yìí ni ìròyìn ti ń lọ sí thalamus. Gáréèjì ni thalamus: ibẹ̀ ni ìròyìn ti ń wọ ọkọ̀ mìíràn lọ sí cortex. Bí bíréèkì bá pẹ́, ọwọ́ á kọjá ihò abẹ́rẹ́. Ojú á rí i, á ní kó padà, àmọ́ ìròyìn ojú ń gbà ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá, nítorí náà ọwọ́ á tún padà kọjá lódì kejì. Lílọ bíbọ̀ yìí lẹ ń rí bíi gbígbọ̀n.

Ìbéèrè: Kí la lè yẹ̀ wò nílé ká tó rí dókítà?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí ìyá gbé ọwọ́ lé itan, kí wọ́n máa ka nọ́ńbà sẹ́yìn láti 100, nítorí ọkàn tó bá lọ síbòmíràn máa ń mú gbígbọ̀n ìsinmi jáde. Lẹ́yìn náà kí wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú fún ìṣẹ́jú-àáyá 10. Tí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n nà án yìí ló ń gbọ̀n, tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n wọn náà sì ní in, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní essential tremor. Ẹ wá ní kí wọ́n fi ìka ìfábẹ̀lá kan imú ara wọn, kí wọ́n sì kan ìka yín, ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kí ẹ máa gbé ìka yín kúrò lójú kan. Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n ya ìkarahun ìgbín láti àárín lọ síta, láì gbé ọwọ́ lé tábìlì. Ẹ tọ́jú ìwé náà, kí ẹ kọ déètì sí i. Ìgbín oṣù yìí àti ti oṣù mẹ́ta sí i ń sọ òótọ́ ju ẹnu wa lọ. Fídíò fóònù náà dára.

Ìbéèrè: Wọ́n ní ìpalára wà lápá ọ̀tún cerebellum, ọwọ́ ọ̀tún ló sì ń gbọ̀n. Ṣé kì í ṣe òdì kejì ni ọpọlọ ń darí?

Ìdáhùn: Okùn yìí sọdá lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tó sọdá títì ní Ìwó Road tó tún padà sọdá. Láti ọ̀tún cerebellum ó sọdá sí thalamus òsì, ó lọ sí cortex òsì, àṣẹ cortex sì tún sọdá sí ọ̀tún kó tó wọ ọ̀pá ẹ̀yìn.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi ń rìn tàgétàgé, kò sì mutí.

Ìdáhùn: Ẹ ní kó pa ẹsẹ̀ pọ̀, kó dúró, kí ẹnìkan wà nítòsí. Bó bá ń mì kódà nígbà tí ojú là, ó lè jẹ́ cerebellum. Bó bá dúró dáadáa tí ojú là, àmọ́ tó fẹ́ ṣubú nígbà tó di ojú, ẹsẹ̀ kò mọ ibi tó wà ni. Àwọn okùn tó ń gbé ìròyìn wá láti ẹsẹ̀ ló ti bàjẹ́. Irú èyí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun ti UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn, ṣèwádìí rẹ̀ láwọn ọdún 1960, tí wọ́n so mọ́ ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣètò dáadáa. Gàrí tí wọ́n yára fún láì jẹ́ kó kan tó máa ń ní májèlé inú ẹ̀gẹ́ lára.

Ẹ béèrè oògùn tó ń lò pẹ̀lú. Phenytoin tí wọ́n ń lò fún wárápá, bó bá pọ̀ jù lára, á mú kí ènìyàn máa rìn bẹ́ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ lásìkò òjò, lẹ́yìn tó jẹ kòkòrò tí wọ́n ń fi ilé rẹ̀ ṣe òwú sányán ní sísun, ẹ sọ ọ́ fún dókítà kíákíá. Kòkòrò yìí ń pa fítámì B1 run. Ó yẹ kí wọ́n fún un ní B1 kí wọ́n tó so omi ṣúgà mọ́ ọn, nítorí ṣúgà nìkan lè mú kó burú sí i.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè ra propranolol, oògùn tí wọ́n ní ó ń dín gbígbọ̀n kù, ní kẹ́místì?

Ìdáhùn: Rárá o. Lóòótọ́ ó ń ṣiṣẹ́ fún essential tremor, àmọ́ ó léwu fún ẹni tó ní ásímà, ó sì ń dín ìlù ọkàn kù. Dókítà á bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n kékeré, bẹ́ẹ̀ ni a kì í dá a dúró lójijì. Fún gbígbọ̀n ti cerebellum gangan, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Nígbà tí oògùn kò bá ran essential tremor mọ́, iṣẹ́ abẹ kan wà tó ń fi wáyà tínrín ta iná kékeré sí thalamus. Dókítà Benabid, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Grenoble, Faransé, ló gbé e jáde ní 1987.

Ìbéèrè: Bó bá bẹ̀rẹ̀ lójijì ńkọ́?

Ìdáhùn: Òyì lójijì, èébì, orí fífọ́, ahọ́n tó wúwo, kí ènìyàn má lè jókòó láì ṣubú: ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀ ní cerebellum. Ẹnu lè má ṣe wọ́, apá sì lè máa ní agbára, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní ibà tàbí àìsùn. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá láàárín wákàtí náà. Ó lè wú láàárín ọjọ́ 2 sí 4, kó sì dí ọ̀nà omi ọpọlọ, nítorí náà kó má ṣe kúrò níbẹ̀ torí pé ara rẹ̀ balẹ̀ ní ọjọ́ kìíní. Ẹ má ṣe fún un ní oògùn oorun.