Sísè Oúnjẹ fún Ẹni Tí Ó Ń Dá Jẹun

Ẹni tí ó ń dá sè, tí ó sì ń dá jẹ, lè mọ oúnjẹ sè dáadáa, síbẹ̀ kí ó máa da oúnjẹ nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wíwọ̀n ni ó máa ń dà á láàmú. Púpọ̀ nínú ohun tí a ń rà ni wọ́n ti dì ní ìwọ̀n tí ó tó agbo ilé, púpọ̀ nínú ìlànà oúnjẹ ni wọ́n sì kọ fún ẹni mẹ́rin. Bí ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní kí òun máa se ìwọ̀nba lójoojúmọ́, iná dídá á sú u kí ọ̀sẹ̀ tó dé ìdajì; bí ó bá sì se odidi ìkòkò ọbẹ̀ kan ní ọjọ́ Àìkú pé òun yóò máa jẹ ẹ́ lọ títí di ọjọ́ Ẹtì, kí ọjọ́ Ẹtì tó dé, ọbẹ̀ náà á ti sú u, tàbí kí ó ti kan. Ọ̀nà tí ó dára jù lójú tèmi ni kí a se ohun tí a lè pè ní ìpìlẹ̀, ìyẹn oúnjẹ tí a kò tíì parí adùn rẹ̀, kí a máa yí i padà bí a bá ṣe fẹ́ jẹ ẹ́, kí ètò náà má sì kọjá ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan.

Iye ọjọ́ yìí nídìí. Oúnjẹ sísè tí a bá tètè gbé sínú fíríìjì, tí inú fíríìjì náà kò sì gbóná ju ìwọ̀n 5 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣeé jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ohun tí yóò bá pẹ́ ju ìyẹn lọ, inú fìrísà ni àyè rẹ̀. N kò fara mọ́ àṣà kíkọ oúnjẹ 21 sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, nítorí pé ẹni tí ó ń dá gbé kò ní ẹlòmíràn tí yóò jẹ oúnjẹ ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ bá jẹun níta, tàbí tí ó rẹ̀ ẹ́ débi pé kò lè dáná. Bí ọjọ́ kan ṣoṣo bá ti yẹ̀ nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, ìyókù á dàrú.

Kí ẹ tó kọ ètò tiyín, ẹ kọ́kọ́ ṣí fíríìjì, kí ẹ wo ohun tí yóò bàjẹ́ ṣáájú. Ẹ̀fọ́ eléwé àti ẹja tútù ni ti ọjọ́ kìíní. Adìẹ tí a kò tíì sè kò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ kejì bí kò bá wọ fìrísà. Kárọ́ọ̀tì, kábéèjì, àlùbọ́sà àti ẹyin lè dúró de ọjọ́ kẹrin, kódà wọ́n lè jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ tò wọ́n sórí ìwé bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì fi àyè oúnjẹ kan sílẹ̀ lófo fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá ti yó ni kí ẹ ṣe é, nítorí ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́: ẹni tí ebi ń pa kì í ro ti ọ̀la, ohun tí yóò fi sẹ́nu lójú ẹsẹ̀ ni ó ń wò.

Ẹ jẹ́ kí a fi itan adìẹ mẹ́rin ṣàlàyé ohun tí mo pè ní ìpìlẹ̀. Ẹ kó wọn sínú ìkòkò, ẹ bu omi tí yóò bò wọ́n sí i, ẹ la àlùbọ́sà kan sí méjì, kí ẹ sì fi iyọ̀ díẹ̀ péré sí i. Ẹ má tíì fi ata tàbí èròjà olóòórùn kankan sí i. Bí ó bá ti hó, ẹ dín iná kù, kí ó máa rọra sè fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 35 sí 40, títí ẹran yóò fi máa bọ́ lára egungun. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ẹ bu díẹ̀ nínú omi ẹran yẹn sínú ìkòkò kékeré, ẹ gé kárọ́ọ̀tì àti ẹ̀fọ́ sí i, kí ẹ sì fi itan kan jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fa ẹran itan kejì ya wẹ́wẹ́, ẹ dín in pẹ̀lú àlùbọ́sà, ata àti ẹyin kan, kí ẹ wá da ìrẹsì lé e. Méjì yòókù àti omi wọn yóò wọ fìrísà ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹ sè wọ́n gan-an, kì í ṣe ní ọjọ́ kẹrin nígbà tí ẹ bá ti rí i pé ẹ kò lè jẹ wọ́n mọ́. Ká ní a ti da ata bo gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, adùn kan náà ni ẹnu ì bá máa bá pàdé títí tí yóò fi tán.

Ẹ̀wà gbígbẹ náà dára púpọ̀ fún irú iṣẹ́ yìí, nítorí ó rọrùn láti pín, fìrísà kì í sì í ba adùn rẹ̀ jẹ́. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo wà: ẹ̀wà pupa ńlá tí ó rí bí kíndìnrín ní májèlé kan nínú tí ó lè mú kí ènìyàn máa bì gidigidi, ooru kékeré kò sì lè pa á. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, ẹ da omi náà nù, kí ẹ sì jẹ́ kí ó hó kíkankíkan fún ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó dín iná rẹ̀ kù. Ìkòkò iná mànàmáná tí ń rọra se oúnjẹ fún ọ̀pọ̀ wákàtí kì í gbóná tó láti ṣe iṣẹ́ yìí.

Nígbà tí a bá ń pín ìlànà ẹni mẹ́rin sí mẹ́rin, ẹran, ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ ṣeé pín láìsí ìyọnu, ṣùgbọ́n omi àti àkókò kì í tẹ̀lé ìṣirò bẹ́ẹ̀. Bí ẹnu ìkòkò bá ṣe fẹ̀ tó ni omi ṣe ń fẹ́ lọ tó, ohun yòówù kí oúnjẹ inú rẹ̀ kéré mọ. Ìdí nìyí tí ìdajì ife ìrẹsì fi máa ń jóná nínú ìkòkò ńlá nígbà tí òkè rẹ̀ ṣì le. Ìkòkò kékeré tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 16, tí ìdérí rẹ̀ sì bá a mu, ni mo rò pé ó yẹ kí ẹni tí ó ń dá jẹun kọ́kọ́ fowó rà. Àwọn ohun èlò ìdáná olówó ńlá lè dúró ná.

Nínú irú ìkòkò bẹ́ẹ̀, gíráàmù 75 sí 90 ìrẹsì, ìyẹn ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ife, yó ẹnì kan, nítorí yóò wú tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ ṣan án, ẹ bu ife omi kan àti ṣíbí omi méjì lé e, kí ẹ gbé e sórí iná tí ó le. Bí ó bá ti hó, ẹ dín iná náà kù dé ìsàlẹ̀, ẹ dé e pinpin, kí ẹ má sì rò ó. Nígbà tí ojú ìrẹsì bá ti dá ihò wẹ́wẹ́, tí omi kò sì hàn nínú àwọn ihò náà mọ́, ẹ pa iná, kí ẹ fi ìdérí sílẹ̀ lórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Ooru inú rẹ̀ ni yóò parí iṣẹ́ náà. Ní ti ọbẹ̀ kékeré, ìparí ni kí ẹ fi iyọ̀ sí i, nítorí ó máa ń gbẹ kíákíá, iyọ̀ tí ó sì ṣe déédéé ní ìbẹ̀rẹ̀ lè pọ̀ jù kí ó tó kúrò lórí iná.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣe àìbìkítà ni bí wọ́n ṣe ń tọ́jú èyí tí ó kù. Láàárín ìwọ̀n 5 sí 60 Celsius ni kòkòrò àìfojúrí ti ń bí sí i jù lọ, nítorí náà oúnjẹ sísè kò gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ ju wákàtí 2 lọ. Bí ooru ọjọ́ náà bá ju ìwọ̀n 32 lọ, wákàtí 1 ti tó. Ìrẹsì ni kí ẹ ṣọ́ jù. Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Bacillus cereus lè la sísè já nínú rẹ̀, májèlé tí ó bá sì ti tú síbẹ̀ kì í kúrò bí a bá tún ìrẹsì náà gbé kaná, bí ó ti wù kí ó gbóná tó. Ẹ má dúró de ìgbà tí odidi ìkòkò yóò tutù fúnra rẹ̀: ẹ bù ú sínú abọ́ pẹlẹbẹ tí jíjìn rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, ooru á tètè kúrò lára rẹ̀.

Ohun tí ó bá ń lọ sí fìrísà, ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan jíjẹ ni kí ẹ dì í sí, nítorí ẹni tí ó bá dì í pọ̀ yóò wá rí òkúta oúnjẹ kan tí kò ṣeé là sí méjì. Omi máa ń gba àyè sí i ní nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún bí ó bá dì, nítorí náà ẹ má kún abọ́ dé ẹnu. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rá ni, ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ kí ó tó dì, kí ẹ sì kọ orúkọ oúnjẹ àti ọjọ́ sí i lára, torí gbogbo ọbẹ̀ ni ó jọra wọn bí wọ́n bá ti dì tán. Pọ̀tétò sísè kì í fara da fìrísà dáadáa. Ó máa ń di ohun tí ó rí bí iyanrìn lẹ́nu. Inú fíríìjì ni kí oúnjẹ dídì ti yọ́, kì í ṣe lórí tábìlì, ìwọ̀n tí ẹ bá sì fẹ́ jẹ nìkan ni kí ẹ tún gbé kaná, kí ó gbóná títí dé àárín.

Ní ti rírà, èyí tí wọ́n dì ní ńlá kò dínwó fún ẹni tí yóò da ìdajì rẹ̀ nù. Ẹ ra kárọ́ọ̀tì mẹ́ta bí wọ́n bá ń tà á níyekíye, kí ẹ má sì ṣe fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹ̀fọ́ tí wọ́n ti dì tutù, torí ìwọ̀n tí ẹ bá fẹ́ ni ẹ ó bù, ìyókù á padà sínú fìrísà. Tòmátò inú agolo tí ẹ bá ti ṣí, ẹ dà á kúrò nínú agolo náà sínú abọ́ onídèérí, tàbí kí ẹ mú un dì ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan.

Bí ọjọ́ kẹrin bá pé, ẹ kó gbogbo ẹ̀fọ́ tí ó ṣẹ́kù jọ, ẹ gé wọn wẹ́wẹ́, ẹ fi òróró díẹ̀ dín wọn, kí ẹ po ẹyin méjì dà lé wọn lórí. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Kí ẹ tó lọ sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ mú ọ̀rá kan láti inú fìrísà wá sí pẹpẹ ìsàlẹ̀ fíríìjì, kí ó lè ti yọ́ kí ẹ tó dáná ní ọjọ́ kejì.